Orí Keje: Ta Ni Yóò Sanwó Ẹ̀kọ́ Wẹ́fíà Yìí?

Bí ọmọ Èmùré, Ìsẹ̀ tàbí Ìkéré kan ní Èkìtì bá ti pinnu pé òun fẹ́ gba dígírì kejì nínú Social Work lókè òkun, ọ̀rọ̀ tí yóò kọ́kọ́ tẹ̀ sínú Google ni "scholarship". Orúkọ á tú jáde rẹpẹtẹ. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, orí á ti dàrú, torí pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò bá a mu: òmíràn wà fún onímọ̀ ẹ̀rọ, òmíràn fún ọmọ orílẹ̀-èdè míì, òmíràn sì ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti ọdún mélòó kan. Ohun tí mo fẹ́ kí o mú nínú orí ìwé yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Iṣẹ́ ni kí o kọ́kọ́ yàn, kí iṣẹ́ náà yan ẹ̀kọ́ fún ọ, kí ẹ̀kọ́ sì wá júwe ibi tí owó wà. Ẹni tó bá fi owó ṣíwájú, fọ́ọ̀mù ni yóò máa kọ títí.

Ìdí rẹ̀ ni pé owó tó wà fún Social Work gan-an kò tó nǹkan. Iṣẹ́ tí a ń fọwọ́ ṣe láàárín ènìyàn ni, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sì ń kọ́ àwọn tí yóò tọ́jú aráàlú tirẹ̀. Ní England, ìjọba ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Social Work ní owó ìrànwọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń gbé ibẹ̀ ni wọ́n ń fún, kì í ṣe ẹni tó fi físà akẹ́kọ̀ọ́ wọlé. Nílé níbí, ẹ̀kọ́ tó jẹ mọ́ epo rọ̀bì ni PTDF ń sanwó fún. Àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba ni owó ẹ̀kọ́ TETFund wà fún. Ìjọba àpapọ̀ kéde lọ́dún 2025 pé àwọn ti fòpin sí ètò BEA tí wọ́n fi ń rán ọmọ lọ sí òkèèrè. NELFUND, àjọ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, tí òfin rẹ̀ jáde lọ́dún 2024, kò kọjá ẹnubodè Nàìjíríà. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé ìjọba ní owó kan nílẹ̀ fún irú ẹ̀kọ́ yìí lókè òkun, ní kí ó fi ìwé hàn ọ́.

Àwọn tó kù tí wọ́n ń sanwó kì í sanwó nítorí pé o jẹ́ tálákà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún tálákà ló ń kọ̀wé sí wọn. Ẹni tó ti ń ṣe nǹkan kan níbi tó wà, tó sì mọ ohun tó fẹ́ padà wá ṣe, ni wọ́n ń wá.

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ní gúúsù Èkìtì

Má ṣe rò pé ìlú kékeré lo ti wá, pé kò sí ohun tí o lè tọ́ka sí. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn ajínigbé dá bọ́ọ̀sì iléèwé kan dúró ní ojú ọ̀nà Èmùré sí Èporo, wọ́n kó àwọn ọmọ àti olùkọ́ lọ. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n lò nínú igbó kí wọ́n tó rí ìdáǹdè. Gbogbo Nàìjíríà gbọ́, Ààrẹ sọ̀rọ̀, oníròyìn dé. Ìbéèrè tó kan ọmọ wẹ́fíà ni èyí tí kò sí nínú ìròyìn: nígbà tí ariwo ti lọ sílẹ̀, ta ló ń jókòó ti irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Ta ló ń kọ́ ìyá rẹ̀ ní ohun tí yóò ṣe bí ọmọ náà bá ń ké lójú oorun? Ta ló ń kọ́ olùkọ́ bí wọ́n ṣe ń gba ọmọ padà sí kíláàsì? Ẹni tó bá lè fi ọdún kan wá ìdáhùn sí i, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀, ti ní ohun tí yóò mú lọ síwájú ẹni tó ń sanwó.

Kì í ṣe ìyẹn nìkan. Ìjọba Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn arúgbó tó ti pé ẹni ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lóṣooṣù lọ́dún 2011. Ọdún yẹn kan náà ni òfin tó lòdì sí ìwà ipá láàárín ọkùnrin àti obìnrin jáde, wọ́n sì tún un ṣe lọ́dún 2019. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé pẹ̀lú wà. Nínú ìwé, Èkìtì ṣíwájú ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Ẹni tí yóò mú òfin náà dé ẹnu ọ̀nà ìyá kan ní Ìsẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ ń lù ni kò pọ̀ tó. Ọ̀rọ̀ tí o lè fi àròkọ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, èmi ò sì rò pé ọmọ Lagos lè kọ ọ́ jù ọ́ lọ.

Kí o tó kọ fọ́ọ̀mù kankan, lọ sí ọ́fíìsì wẹ́fíà ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ rẹ. Bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí o máa wá ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n tó wà níbẹ̀ sábà máa ń gbà, torí ọwọ́ wọn kò tó. Mú ìtìjú kúrò: o ti gba dígírì, ṣùgbọ́n o lè máa gbá fáìlì jọ fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Bí o bá jẹ́ àgùnbánirọ̀, iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú tí NYSC ní kí o ṣe lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ náà ṣe é lò. Ra ìwé ńlá kan, kí o máa kọ ọjọ́, wákàtí àti iṣẹ́ tí o ṣe sínú rẹ̀, láìkọ orúkọ ẹni tí o ràn lọ́wọ́. Kí ọ̀gá ibẹ̀ máa bu ọwọ́ lù ú lóṣooṣù. Nígbà tí Chevening, sikọ́láṣíìpù Ìlú Ọba tí a máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìpẹ́, bá béèrè iye wákàtí, àwọn míì á máa fi ojú inú wo ọdún tó kọjá. Ìwọ á ṣí ìwé.

Ìlú Ọba: ibi tí mo ti fẹ́ kí o kọ́kọ́ wò

Chevening ni ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe láti ọdún 1983. Ó ń san owó ilé ìwé, owó ọkọ̀ òfuurufú àti owó oúnjẹ fún ọdún kan. O gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ ọdún méjì, èyí tí wọ́n kà sí 2,800 wákàtí. Iṣẹ́ olówó oṣù, iṣẹ́ àbọ̀ ọjọ́ àti iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń kà mọ́ ọn. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, o gbọ́dọ̀ padà wá sílé fún ọdún méjì ó kéré tán. Oṣù kẹjọ ni wọ́n sábà máa ń ṣí fọ́ọ̀mù, wọ́n á sì tì í ní bíi oṣù kẹwàá.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń ṣubú nìyí: Chevening kò ní san owó ẹ̀kọ́ tó bá ju oṣù méjìlá lọ. Dígírì kejì Social Work tó ń sọ ènìyàn di òṣìṣẹ́ tí wọ́n lè forúkọ sílẹ̀ ní England, ọdún méjì ló sábà máa ń gbà, torí pé ọjọ́ púpọ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí o bá mú un, o ti pàdánù Chevening kí o tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí o lè mú ni ẹ̀kọ́ ọdún kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ International Social and Public Policy wà ní LSE. Ẹ̀kọ́ Poverty and Development wà ní IDS, ní Sussex. Àwọn yunifásítì míì ní ti ààbò ọmọdé. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni Chevening ní kí o yàn. Jẹ́ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fara jọra, torí pé ẹni tó yan ẹ̀kọ́ wẹ́fíà, ẹ̀kọ́ báńkì àti ẹ̀kọ́ ìròyìn pa pọ̀ ti sọ fún wọn pé òun kò mọ ibi tí òun ń lọ.

Bí o bá béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé ẹ̀kọ́ ọdún kan yìí kò kéré sí Social Work, màá sọ pé ó dá lórí ibi tí o fẹ́ lò ó. Bí o bá fẹ́ ṣiṣẹ́ wẹ́fíà ní Manchester, ó kéré. Bí o bá fẹ́ padà wá darí ètò àwọn arúgbó ní Adó tàbí ilé ààbò ọmọdé ní Ìkéré, ó tó, ó tilẹ̀ lè dára jù, torí pé òfin England nípa gbígba ọmọ lọ́wọ́ òbí kò wúlò púpọ̀ fún ọ níbí.

Commonwealth Scholarship ti wà láti ọdún 1959. Ọ̀nà méjì ló kàn ọ́ níbẹ̀. Ọ̀kan ń gba ọwọ́ Federal Scholarship Board ní Àbújá kọjá, tàbí ọwọ́ àwọn àjọ kan tí wọ́n fún ní àṣẹ láti yan ènìyàn. Èkejì ni Shared Scholarship, tí Commonwealth àti yunifásítì jọ ń sanwó rẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ọdún kan. Èyí ni mo fẹ́ràn jù fún ọmọ ilé àgbẹ̀, torí pé ẹni tí kò lè fi owó ara rẹ̀ lọ ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún, tí kò sì tíì kàwé fún ọdún kan ní orílẹ̀-èdè olówó. Ìgbà méjì ni kí o kọ̀wé: kọ sí yunifásítì fún àyè, kí o tún kọ sí Commonwealth fún owó. Ẹni tó bá ṣe ọ̀kan nìkan kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ohun kan kí o tó kúrò lórí Ìlú Ọba. Láti oṣù kìíní ọdún 2024, ẹni tó ń lọ kọ́ másítà tí kì í ṣe ti ìwádìí kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́, àyàfi bó bá jẹ́ pé ìjọba ló ń san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ lódidi. Físà náà ní owó ìlera tirẹ̀, 776 pọ́ùn fún ọdún kan. Ẹni tó bá fẹ́ fi owó ara rẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ fi hàn pé owó oúnjẹ oṣù mẹ́sàn-án wà ní báńkì fún ọjọ́ 28 gbáko láìjẹ́ pé ó dínkù fún ọjọ́ kan. Yíyá owó sí báńkì fún ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tẹ ìwé jáde ni ó ti ba físà púpọ̀ jẹ́.

Yúróòpù

Erasmus Mundus ni kí o mọ̀ dáadáa. Àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ló ń sanwó rẹ̀: ẹni tó bá rí sikọ́láṣíìpù náà kì í san owó ilé ìwé, wọ́n sì ń fún un ní 1,400 yúrò lóṣù títí di oṣù 24. Lára àwọn ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni MFAMILY, ẹ̀kọ́ Social Work lórí ẹbí àti ọmọdé. ISCTE ní Lisbon, ní orílẹ̀-èdè Portugal, ló ń darí rẹ̀. Gothenburg ní Sweden àti Stavanger ní Norway wà nínú rẹ̀. Ilé ìwé sí ilé ìwé ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ. Mi ò mọ ẹ̀kọ́ míì tó bá àkọlé orí yìí mu tó báyìí: Social Work ni, ọdún méjì ni, owó rẹ̀ sì pé. Nítorí náà, àwọn tó ń dù ú pọ̀. Ìparí ọdún sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni àsìkò fọ́ọ̀mù rẹ̀.

Jámánì dára fún ẹni tó ní sùúrù. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba níbẹ̀ kì í gba owó ilé ìwé, àfi Baden-Württemberg tó ń gba 1,500 yúrò ní sáà kan lọ́wọ́ àjèjì. Ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ kó 11,904 yúrò ti ọdún kan sínú àkáǹtì tí wọ́n tì pa, kí wọ́n máa yọ díẹ̀díẹ̀ fún ọ lóṣooṣù. DAAD, àjọ àwọn ará Jámánì, ní sikọ́láṣíìpù fún ẹ̀kọ́ tó jẹ mọ́ ìdàgbàsókè. Wọ́n fẹ́ iṣẹ́ ọdún méjì, wọ́n sì fẹ́ kí dígírì rẹ má tíì ju ọdún mẹ́fà lọ. Ẹni tó jáde ní 2018 tó ṣì ń ṣe ìmúrasílẹ̀, kí ó wo ibòmíràn.

Amẹ́ríkà àti Ìbàdàn

Màá yára sọ ti Amẹ́ríkà. MSW ọdún méjì ni, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣe ó kéré tán 900 wákàtí lẹ́nu iṣẹ́, owó rẹ̀ sì ga. Àwọn obìnrin ní ọ̀nà díẹ̀ tí ọkùnrin kò ní: AAUW, P.E.O. International Peace Scholarship tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1949, àti Margaret McNamara Education Grants fún obìnrin tó ti pé ẹni ọdún 25. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí, ẹni tó ti wọ ilé ìwé ni ó ń ràn lọ́wọ́, nítorí náà kò lè gbé ọ kúrò ní Èmùré. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026 ni ìkéde ààrẹ Amẹ́ríkà ti dá físà akẹ́kọ̀ọ́ tuntun dúró fún ọmọ Nàìjíríà, àfi àwọn díẹ̀ tí wọ́n yọ sílẹ̀. Yẹ ojú ìwé ẹ́ḿbásì wò kí o tó ná kọ́bọ̀ lórí fọ́ọ̀mù wọn.

Ìbàdàn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí díẹ̀, torí pé ẹnikẹ́ni kì í kà á sí. Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀ka Social Work tirẹ̀, Lagos ní, Nsukka pẹ̀lú ní, ó sì ti pẹ́. Lókè òkun, ilé ìwé tó ń kọ́ másítà kì í fẹ́ náwó lé akẹ́kọ̀ọ́ lórí, ṣùgbọ́n wọ́n ń náwó lé akẹ́kọ̀ọ́ PhD, pàápàá ní Kánádà, àti ní Amẹ́ríkà bí físà rẹ̀ bá tún ṣí, níbi tí yunifásítì sábà máa ń yọ owó ẹ̀kọ́ kúrò tí wọ́n á tún máa san owó oṣù fún un nítorí ìwádìí tàbí ìkọ́ni. Ẹni tó bá gba másítà ní Ìbàdàn, tó sì kọ ìwé ìwádìí gidi lórí àwọn arúgbó Èkìtì, lè fo ibi tí kò sówó kọjá lọ síbi tí owó wà. Ojú ń ti àwọn kan láti sọ pé Ìbàdàn làwọn wà nígbà tí ẹgbẹ́ wọn wà ní Leeds. Ọdún márùn-ún sí i, ẹ jọ máa wò ó.

Rotary náà wà nílẹ̀. Owó Global Grant wọn fún ẹ̀kọ́ lókè òkun kì í dín ní 30,000 dọ́là, ìlera ìyá àti ọmọ, àlàáfíà àti ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé àdúgbò sì wà lára ohun tí wọ́n ń náwó lé. Ẹgbẹ́ Rotary ní ìlú rẹ àti ẹgbẹ́ ní ibi tí o ń lọ ló gbọ́dọ̀ jọ dúró fún ọ, nítorí náà o ní láti di ẹni mímọ̀ sí àwọn ará Adó tàbí Àkúrẹ́ kí ó tó di pé o ń béèrè.

Àwọn ìwé, àti ẹni tí yóò jẹ́rìí sí ọ

Páásìpọ́ọ̀tù ni kí o kọ́kọ́ gbà. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, olójú ewé 32 ti ọdún márùn-ún di ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà. Rí i dájú pé orúkọ rẹ lórí rẹ̀ bá ti WAEC, ti dígírì àti ti NYSC mu, lẹ́tà kan kò gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Transcript ni kí o tẹ̀ lé e, torí pé ó lè gba oṣù mélòó kan, ó sì lè gba kí o lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì fúnra rẹ. IELTS kì í pọn dandan níbi gbogbo: ọ̀pọ̀ yunifásítì Ìlú Ọba ń gba èsì Gẹ̀ẹ́sì WAEC. Kọ lẹ́tà sí wọn béèrè kí o tó sanwó ìdánwò, torí pé ọdún méjì péré ni èsì náà fi ń wúlò.

Olùkọ́ tí yóò kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún ọ, má ṣe jẹ́ kó jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ti fọ́ọ̀mù lo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kí i pé, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà." Lọ kí i nígbà tí o kò bẹ̀bẹ̀ nǹkan kan. Nígbà tí ó bá yá, kó ìwé ìwádìí rẹ, èsì rẹ àti àkọsílẹ̀ wákàtí rẹ lọ fún un, kí ó rí ohun tí yóò kọ. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni kí o bẹ ẹnì kan ní ọ́fíìsì wẹ́fíà, torí pé àwọn tó ń sanwó fẹ́ gbọ́ láti ẹnu ẹni tó rí ọ níbi iṣẹ́.

Àròkọ ni ó ń pa ọ̀pọ̀. Bí gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ bá sọ pé láti kékeré lo ti fẹ́ràn ríran ènìyàn lọ́wọ́, ẹni tó ń kà á ti rí irú rẹ̀ tó igba láàárọ̀ yẹn. Kọ ohun tí o rí: "Nínú àwọn arúgbó tí mo bá kọ orúkọ sílẹ̀ ní Ìsẹ̀, àwọn tó ń gbé láwọn nìkan kò mọ̀ pé ìjọba ní ètò kankan." Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́, torí pé ní ìgbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò wọ́n á tẹ̀ ọ́ mọ́ ògiri. Má ṣe ta ìyà ìlú rẹ fún òyìnbó. Ọmọ tó wá láti inú ìṣòro kì í ṣe ẹrù tí a ń gbé kiri láti fi gba owó; bí o bá máa sọ ìtàn ẹnì kan, yọ orúkọ rẹ̀, yọ àdúgbò rẹ̀, yọ iléèwé rẹ̀. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n ń ka àròkọ Social Work mọ ẹni tó bọ̀wọ̀ fún aṣírí, wọ́n sì mọ ẹni tí kò bọ̀wọ̀.

Ní ti ejẹ́ǹtì, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Kò sí sikọ́láṣíìpù gidi kan tó ń gba owó kí o tó rí i. Ẹni tó ní òun mọ ẹnì kan ní Àbújá tí yóò fi orúkọ rẹ sínú Chevening, olè ni.

Ohun tó kù ni ti ẹ̀yin ọmọ bíbí Èmùré, Ìsẹ̀, Ọ̀rùn àti Ìkéré tí ẹ ti wà ní Houston, London àti Toronto. Èyí tó ń dá àwọn ọmọ yìí dúró jù kì í ṣe owó ilé ìwé. Owó páásìpọ́ọ̀tù ni, owó transcript, owó data, owó ọkọ̀ sí Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ yín ń dá owó fún àpèjẹ lọ́dọọdún. Ẹ yọ díẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún fọ́ọ̀mù ọmọ márùn-ún lọ́dún, kí ẹ sì yan ẹnì kan láàárín yín tí yóò máa ka àròkọ wọn kí wọ́n tó fi ránṣẹ́.